Ohun Tó Bá Ajé Gúnlẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Malu Road, mo sì ti gbọ́ ọ nínú kórópe tó ń ti Boundary bọ̀: ṣé òótọ́ ni pé ara ọ̀bọ ni HIV ti wá? Kí ẹni tó béèrè tó pa ẹnu dé, ẹlòmíràn á ti dáhùn pé irọ́ ni, òyìnbó ló ṣe é, inú abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí fún aláwọ̀ dúdú. Ẹnì kẹta á ní òun gbọ́ pé ẹnì kan ló bá ẹranko lò pọ̀. Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ojú àwọn tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín ni èmi máa ń wò nígbà náà, torí ó ṣeé ṣe kí òògùn HIV wà nínú àpò ọ̀kan nínú wọn, tàbí kí ó wà nínú àpò ẹni tó fẹ́ràn. Nítorí wọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Bẹ́ẹ̀ ni, ara ẹranko ló ti wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ọ̀bọ kọ́ ló sì gbé e wá bá wa ní Ajégúnlẹ̀. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìtàn yìí dání. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti kà á, ọ̀kan nínú àwọn ojú ìwé tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ sì jẹ́ ti Ìbàdàn.

Ẹni tó bá ti bá àwọn ejẹ́ǹtì wọ wáàfù Àpápá á mọ àmì tó wà lára kọ̀ǹtẹ́nà: lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà méje. Ejẹ́ǹtì tó gbọ́ṣẹ́ kò ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ǹtẹ́nà kí òun tó mọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Fáírọ́ọ̀sì HIV náà ní irú àmì bẹ́ẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ gùn. Lẹ́tà bí 9,700 ni, wọ́n tò tẹ̀ léra, oríṣi mẹ́rin péré sì ni lẹ́tà ọ̀hún. Òun là ń pè ní jíìnì rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, ṣe ló máa ń da ìwé yẹn kọ kó tó lè bímọ, kò sì mọ ìwé dà kọ rárá. Á ṣi lẹ́tà kan kọ, á fo òmíràn. Ọmọ tó bí á jogún àṣìṣe náà, á sì fi tirẹ̀ kún un. Bí a bá wá rí fáírọ́ọ̀sì méjì tí àṣìṣe kan náà wà lára wọn ní ojú ibi kan náà, lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi, a ti mọ̀ pé bàbá kan ló bí wọn. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ti pínyà ṣe jìn tó. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣe lórí ìtàn ìran HIV kò ju ìyẹn lọ ní ìpìlẹ̀. Sùúrù ló gbà, ó sì gba ìṣirò.

Ní ọdún 1994, Howard àti Rasheed ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú David Olaleye ti Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí fáírọ́ọ̀sì HIV kan tó wá láti Nàìjíríà. IbNG ni wọ́n pè é: Ib fún Ìbàdàn, NG fún Nàìjíríà. Wọ́n pín HIV sí ìran-ìran, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n; ìran A ni wọ́n ka IbNG kún lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n wá kà á látòkè délẹ̀ tán, ó hàn pé àdàpọ̀ ni. Apá kan lára lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ti ìran A, apá kejì sì jẹ́ ti ìran G. Ohun tó fa èyí ni pé bí fáírọ́ọ̀sì méjì bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, akọ̀wé inú ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìwé láti orí ti ọ̀kan, kó fò sórí ti ìkejì láàárín gbólóhùn, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí yóò bí á ní bàbá méjì. Ìdílé tí IbNG ti jáde ni ayé ń pè ní CRF02_AG lónìí. Òun ló gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Òun àti ìran G ló sì pọ̀ jù lára àwọn tó ní HIV ní Nàìjíríà. Láàbù tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì tó wà níwájú òun jẹ́ ti ìdílé yìí, ibi yòówù kó wà láyé, ti Ìbàdàn yẹn ló máa fi wé. Mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gòkè sẹ́yìn sí i. Ta ló bí ìran A, ta ló bí ìran G, ta ló bí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ ìran M, tí wọ́n wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní HIV láyé?

Ìnàkí obìnrin kan wà tí wọ́n mú nílẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà fún ìwádìí. Marilyn ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọdún 1985, ó bí ìbejì, òkú ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, òun náà sì kú. Wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran ara rẹ̀ pamọ́ sínú yìnyín. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá kí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Beatrice Hahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yọ ọ́ jáde, tí wọ́n sì ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀. Ní 1999 ni wọ́n kéde rẹ̀: fáírọ́ọ̀sì tó wà lára ìnàkí yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní SIVcpz, mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ HIV-1, oríṣi HIV tí ìran M wà nínú rẹ̀, ni. SIV ni orúkọ gbogbo irú kòkòrò yìí tó wà lára ọ̀bọ àti ìnàkí, ó sì ti lé ní 40 ẹ̀yà ẹranko tí wọ́n ti rí i lára wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Mi ò lè ka ìtàn Marilyn kí n má dúró díẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí ìbejì jẹ́ mọ̀ pé ìyá ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìnàkí kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ìnàkí inú igbó kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gba ẹ̀jẹ̀ lára òun. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá ń ṣà. Àwọn Hahn, Paul Sharp, Martine Peeters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ ìnàkí káàkiri igbó, wọ́n ń bu ìgbẹ́ sínú ìgò, wọ́n ń kó o lọ sí láàbù. Ní 2006 èsì jáde. SIV tó sún mọ́ ìran M jù lọ wà lára àwọn ìnàkí tó wà ní igun gúúsù ìlà oòrùn Kamẹrúùnù, nítòsí ibi tí odò Sangha ti ń ṣàn lọ bá odò Kóńgò. Kò sí níbòmíràn tí ìfarajọ náà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, àwọn ìnàkí tiwa ńkọ́, àwọn tó ṣẹ́ kù ní igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní agbègbè Ìdànrè? Ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n, ẹ̀yà ìnàkí Nàìjíríà òun Kamẹrúùnù. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún ẹ̀yà wọn, wọn ò tíì rí èyí tó bá SIV nínú igbó. Ẹ̀sùn tí àwọn kan ń fi kan ìnàkí ilẹ̀ Yorùbá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bọ wa yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀bọ mona wà nílẹ̀ wa, òun ni àwọn ọmọ iléèwé máa ń lọ wò lórí igi ní Lekki Conservation Centre. Ọ̀bọ mangabey olórí pupa náà wà nínú igbó gúúsù Nàìjíríà. Ní 2001 wọ́n tẹ jíìnì SIV méjì jáde tí wọ́n rí lára mangabey olórí pupa láti Nàìjíríà, NG409 àti NG411. Ní 2003, Barlow, Ajao àti Clewley tẹ ti ọ̀bọ mona kan jáde, SIVmonNG1. NG tó wà nídìí gbogbo wọn, Nàìjíríà náà ni. Lọ́dún 2003 yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ mìíràn gbé ti ìnàkí kalẹ̀, tí wọ́n fi wé ti àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí àti ìbátan wọn, tí wọ́n sì rí i pé àdàpọ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ìnàkí náà. Apá kan rẹ̀ bá ti ìdílé mangabey olórí pupa mu. Apá kejì bá ti ìdílé tí ọ̀bọ mona àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ mu. Ìnàkí ń ṣọdẹ ọ̀bọ, ó ń fà á ya, ó ń jẹ ẹ́ ní tútù. Bó ṣe kó o nìyẹn. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lẹ́yìn náà ti ṣẹlẹ̀ sí ìnàkí ṣáájú: ọdẹ ni òun náà, ẹran tó pa ló ràn án.

Mo ní kí n sọ ọ̀rọ̀ okùn kan, torí ará Àpápá á tètè yé e. Ọkọ̀ ojú omi tó bá ti gúnlẹ̀, okùn ni wọ́n máa fi so ó mọ́ èbúté, kò sì ní lọ àfi bí wọ́n bá tú u. Sẹ́ẹ̀lì ara wa náà ní okùn. Tetherin ni wọ́n ń pè é, ní 2008 ni wọ́n tó dá a mọ̀. Bí àwọn ọmọ fáírọ́ọ̀sì bá ti fẹ́ jáde kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, okùn yìí á dì wọ́n mú. SIV ìnàkí ní ọ̀bẹ kan tó ń jẹ́ Nef tó fi ń gé okùn ìnàkí. Okùn èèyàn kò ní ibi tí ọ̀bẹ Nef yẹn máa ń dì mú, àwọn baba ńlá wa ti pàdánù ege kékeré níbẹ̀ láti ayébáyé. Nítorí náà, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ìnàkí kọ́kọ́ wọ ara èèyàn, ṣe ló bá okùn tí kò mọ bí yóò ṣe gé e. Ìran M wá ọgbọ́n mìíràn. Ó fa irinṣẹ́ kan yọ tó ń jẹ́ Vpu, tí fáírọ́ọ̀sì ìnàkí gbà wá láti ọ̀dọ̀ ti ìdílé ọ̀bọ mona, èyí tí kò lò fún okùn gígé mọ́. Ó pọ́n ọn títí ó fi gé okùn èèyàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìran M gba gbogbo ayé, nígbà tí ìran N àti ìran P kò kọjá ara àwọn èèyàn díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ará Kamẹrúùnù. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ yìí dáadáa kò ní sọ pé ẹnì kan ló jókòó sí yàrá tó ṣe HIV. Kò sẹ́ni tó lè ro irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1959 àti 1960, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara tí wọ́n gbà lára èèyàn méjì ní Kinshasa, tó ń jẹ́ Léopoldville nígbà náà, ti ní HIV nínú, àwọn méjèèjì sì ti yàtọ̀ síra gan-an. Fáírọ́ọ̀sì náà ti ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka jíìnì, kí á má tíì sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

HIV-2 tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Ní Sẹ̀nẹ̀gà ni Souleymane Mboup àti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní 1985. Kì í ṣe ọmọ ìnàkí. Ara ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní sooty mangabey, tó wà láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Côte d'Ivoire, ló ti wá, wọ́n sì ti fi jíìnì hàn bẹ́ẹ̀ láti 1989. Òun àti HIV-1 jìnnà síra débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lẹ́tà wọn tí kò bára mu. Ó rọra ń ṣe èèyàn ju HIV-1 lọ, kò sì tètè ràn. Àwọn díẹ̀ ní in ní Nàìjíríà.

Bí a bá ka gbogbo ìran HIV-1 àti HIV-2 pọ̀, ó kéré tán ìgbà 13 ni fáírọ́ọ̀sì ti ti ara ẹranko bọ́ sára èèyàn: ti ìnàkí, ti gọ̀rílà, ti sooty mangabey. Kò sí ìkankan tí a mọ̀ pé ó ti ara ọ̀bọ mona tàbí mangabey olórí pupa wá tààrà. Ohun tó dà bí òótọ́ jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ló gbé e: ọdẹ tó fi àdá gé ara rẹ̀ níbi tó ti ń kun ẹran, obìnrin tó ń wẹ ẹran ìgbẹ́ tí ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìròyìn ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹranko tí wọ́n ń pa nínú ọkọ̀ kò ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn. Ó ti wá jẹ́ ọ̀nà láti fi pe àwa aláwọ̀ dúdú ní ẹranko, ó sì dùn mí pé ẹnu tiwa la fi ń tún un sọ.

Ohun tó yẹ kí á béèrè ni èyí. Àwọn tó ṣèwádìí lórí ọ̀bọ erékùṣù Bioko, ilẹ̀ tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Fernando Po, ṣírò rẹ̀ pé SIV ti wà fún ó kéré tán 32,000 ọdún. Àwọn baba wa sì ti ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Kí ló dé tó jẹ́ pé àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó lé díẹ̀ yìí ni ó di àjàkálẹ̀ àrùn?

Ìṣirò jíìnì sọ pé nǹkan bí ọdún 1908 ni ìran M ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, ó lè fi ọdún bíi mẹ́rìnlélógún ṣáájú, ó lè fi mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn. Ní nǹkan bí 1920 ó ti dé Léopoldville, ibẹ̀ ló sì ti tàn. Kí ló wà ní Léopoldville? Èbúté ni. Rélùwéè ni. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ láìsí ìyàwó wọn. Àwọn dókítà amúnisìn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kan náà gún ọ̀pọ̀ èèyàn láìsè é, wọ́n rò pé àwọn ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn oorun. Níbí, ẹni tó ń pariwo abẹ́rẹ́ òyìnbó nínú kórópe ní ìdajì òótọ́ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kò ṣẹ̀dá HIV, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe dáadáa kó ti bá a tàn án. Ìyókù, ọ̀nà àti ọjà ló ṣe é.

Èkó náà ní èbúté àti rélùwéè tirẹ̀. Ní ọdún 1926 gan-an ni wọ́n parí ibùdókọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ ní wáàfù Àpápá, tí rélùwéè sì ń gbé ẹ̀pà àti òwú wá bá wọn láti Òkè Ọya. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù lè rí yàrá gbà ní owó pọ́ọ́kú ló di Ajégúnlẹ̀. Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò, Ẹ̀gùn, Haúsá, gbogbo wọn ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ wo orúkọ náà: gúnlẹ̀ ni à ń sọ fún ọkọ̀ ojú omi. Ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Ohun tó bá ń rìn lójú ọ̀nà ajé á bá ajé gúnlẹ̀, kódà bí kò sí nínú ìwé ẹrù. Kì í ṣe inú igbó Omo ni IbNG ti jáde wá bá wa. Láti ara èèyàn sí ara èèyàn ló ti rìn, láti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ní ìlú dé ìlú.

Ní 1986 ni wọ́n kéde àwọn àkọ́kọ́ tó ní éèdì ní Nàìjíríà, ìkan nínú wọn jẹ́ ọmọdébìnrin ọdún 13 ní Èkó. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀n láàárín àwọn aláboyún ní 1991, ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá a lára wọn. Ní 2001 ó ti di 5.8. Láàárín èyí ni Fẹlá olórin kú, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, jókòó síwájú àwọn akọ̀ròyìn tó sì sọ láìfi bò pé éèdì ló pa á. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn la ojú Èkó ju gbogbo pátákó tí ìjọba ti gbé sójú títì lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn ni I. O. Orubuloye ti Adó-Èkìtì àti John Caldwell ti ń bá àwọn awakọ̀ tírélà àti àwọn obìnrin tó ń tajà káàkiri sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé kúrò nílé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá ti rí tírélà tó tò láti Mile 2 títí wọ Tin Can, tí awakọ̀ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní bi wọ́n léèrè pé kí ló fà á. Síbẹ̀ àwọn ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń nàka sí. Ẹ̀bi tí ìwé jíìnì kọ sílẹ̀ kò jẹ mọ́ wọn.

Nǹkan ti yí padà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 bá HIV lára ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49. Òògùn wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì ń lò ó déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń lò pọ̀.

Òògùn yẹn náà ní ìtàn ìbátan nínú. Tenofovir ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ń gbé mì ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1995, kí èèyàn tó máa lò ó, àwọn onímọ̀ fún àwọn ọ̀bọ macaque ní òògùn náà, wọ́n sì fi SIV sí wọn lára. Àwọn tó gba òògùn náà kò kó àrùn. Èsì yẹn ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé e wá fún èèyàn, torí SIV àti HIV jọ jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ohun tó bá dá ọ̀kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídà kọ yóò ṣeé ṣe kó dá ìkejì dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí yìí náà ló fà á tí nevirapine kì í fi í ran ẹni tó ní HIV-2 lọ́wọ́; ó yẹ kí dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má bàa fún un lásán.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún béèrè nínú kórópe, màá dáhùn, màá sì jẹ́ kí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín yẹn gbọ́. Bí ó bá délé, tó sì fi omi píọ́ wọ́tà gbé hóró tirẹ̀ mì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí tírélà ṣì ń fọn fèrè lọ́nà wáàfù, kí ó mọ ibi tí òògùn náà ti gbà dé ọwọ́ òun.